Ohùn Tí Akínrìnlọ́lá Ń Wá

Ní ìlú Òkè-Ìrókò, láyé ìgbà tí kòkó ṣì ń mú kí àgbẹ̀ máa rẹ́rìn-ín lójú oorun, tọkọtaya kan wà tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń jẹun. Ọkọ ń jẹ́ Akínrìnlọ́lá, gìtá ni tirẹ̀. Ìyàwó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ọ̀fun ni tirẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta mìíràn kún wọn, àmọ́ Sùnmọ́nù tó ń lu àkúbà nìkan ni a óò dárúkọ nínú wọn, nítorí òun ló fara dà á pẹ́ jù kó tó sá. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá ti jẹun tán, wọ́n á máa wọ́ lọ sí àgbàlá Hòtẹ́ẹ̀lì Ìtura lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ láti lọ gbọ́ wọn.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà bẹ̀rẹ̀ eré, tí àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn ju eré gan-an lọ. Akínrìnlọ́lá kì í fi fèrè wá ohùn okùn gìtá rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Àyọ̀ká ni yóò kọ́kọ́ dìde, yóò pa ojú dé, yóò sì fa ohùn kan ṣoṣo jáde láìla ẹnu tán, "hùn-ún-ún." Akínrìnlọ́lá á wá máa rọra yí èèkàn gìtá títí okùn kìn-ín-ní á fi bá ohùn ìyàwó rẹ̀ mu. Bí ohùn méjèèjì bá ti pàdé, àgbàlá á pa rọ́rọ́, ẹni tó gbé ife bíà sẹ́nu á gbé e kalẹ̀. "Gìtá ti gba ohùn lẹ́nu ìyá rẹ̀," ni àwọn àgbà máa ń wí, wọ́n á sì fẹ̀yìn ti àga. Gìtá tí à ń wí yìí kì í ṣe nǹkan bàbàrà o. Gìtá onípákó lásán ni. Tìámíyù tó ń tún rédíò ṣe nílùú náà ló so wáyà mọ́ ikùn rẹ̀, tó sì fi rédíò onígílóòbù àtijọ́ kan ṣe áńpù fún un, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ó ní kí àwọn tọkọtaya náà ṣáà máa kọrin.

Ní ọdún kan, àwọn eléré kan tí wọ́n ń bọ̀ láti Èkó yà sí Òkè-Ìrókò, wọ́n sì ṣeré ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Gìtá ọwọ́ ọ̀gá wọn pupa, ó ń dán, áńpù rẹ̀ sì ga dé àyà ènìyàn. Bí ọkùnrin náà ṣe fọwọ́ kan okùn, Akínrìnlọ́lá tó dúró láàárín èrò ò lè mí mọ́. Ohùn náà mọ́ gaara, kò ní ìdọ̀tí kankan nídìí, ó sì ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi dákẹ́ láìjẹ́ kí ènìyàn mọ ìgbà tó dákẹ́. Nígbà tí Akínrìnlọ́lá délé, kò jẹun. Iṣu tí Àyọ̀ká gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ wà níbẹ̀ títí ó fi tutù.

"Àyọ̀ká, o gbọ́ gìtá yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ, olówó orí mi. Ó dùn, àmọ́ kò mọ ẹni tó ń bá rìn. Olórin wọn ń lọ sápá ọ̀tún, òun ń lọ sápá òsì."

"Ìwọ ò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn yẹn pé. Tí mo bá rí irú ẹ̀ mú láyé yìí, Àyọ̀ká, mi ò tún ní fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́."

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀," ni Àyọ̀ká wí. "Ọlọ́run a máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí."

Ọ̀nà mẹ́ta ni oko kòkó tí bàbá Akínrìnlọ́lá fi sílẹ̀ fún un pín sí. Ó ta ọ̀kan, ó wọkọ̀ lọ sí Èkó, ó sì gbé gìtá pupa àti áńpù kan dé. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ariwo sọ ní àgbàlá. Ó yí ohùn ẹ̀rọ náà sókè, ó tún yí i sókè sí i. Àwọn ìyá tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ dìde níwájú. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ọkùnrin gbé àga wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́hùn-ún. Akínrìnlọ́lá rí wọn, ó rò pé oòrùn ni wọ́n ń sá fún.

Oṣù méjì ni inú rẹ̀ fi dùn. Ní oṣù kẹta, ó ní ohùn náà kò dán mọ́. Ó ní kùrukùru kan ti ń bò ó. Báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohùn wò lójoojúmọ́. Ní àárọ̀, bí Àyọ̀ká bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Akínrìnlọ́lá á ti ilẹ̀kùn yàrá, á kúnlẹ̀ níwájú áńpù bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, á fi etí lé ẹnu sípíkà rẹ̀ gan-an, á ta okùn tó tín-ín-rín jù, á sì máa yí bọ́tìnnì sókè díẹ̀díẹ̀. Ìdí ohùn ló ń wá. Ó gbà pé ohùn tó bá pé, ìparí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́ bí omi inú àmù. Tirẹ̀ kì í dákẹ́. Bí okùn bá ti ń kú lọ, á gbọ́ nǹkan kan nídìí rẹ̀ tó ń ṣe "sìì," bí epo tó ń gbóná bọ̀. Á yí ẹ̀rọ sókè sí i kó lè mọ ibi tí sìì náà ti ń wá, sìì náà á sì le sí i. Ó ṣe é lánàá, ó ṣe é lónìí, ó ṣe é fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, ó pa áńpù, ó fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, síbẹ̀ sìì náà kò dákẹ́. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kó bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Akínrìnlọ́lá ní wáyà iná ilé náà ni kò dára. Ó kó ẹrù, ó kó ìyàwó, ó kúrò níbẹ̀ lọ gba ilé mìíràn. Sìì bá wọn kó lọ.

Ó wá gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Tìámíyù. Tìámíyù tú u, ó yẹ gbogbo inú rẹ̀ wò, ó dì í padà, ó fọwọ́ kan okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, ó sì mi orí.

"Akín, ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò gbọ́ sìì tó wà nídìí ẹ̀ ni?"

Tìámíyù fi etí tirẹ̀ sí i, ó sì wo Akínrìnlọ́lá lójú. "Ṣé ìwọ ń gbọ́ ọ báyìí?"

"Mò ń gbọ́ ọ ketekete."

"Mo ti pa á," ni Tìámíyù wí. Ó gbé ẹnu wáyà sókè kí ó lè rí i. "Wáyà ẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi. Akín, àbúrò mi, ẹ̀rọ tó ti kú kì í pariwo. Ibi tí ariwo yẹn wà, èmi ò lè tú u. Lọ bá dókítà etí ní Ìbàdàn. Má jẹ́ kó pẹ́."

Ọ̀rọ̀ ire ni, àmọ́ inú ló ń bí Akínrìnlọ́lá. Ó ní Tìámíyù ti yọ nǹkan tó dára nínú ẹ̀rọ náà, ó sì fi àlòkù dípò rẹ̀, ni ó ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ etí bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti kékeré, ó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò sì mọ sí ìsọ̀ yẹn nìkan. Ó gbé e dé ibùdókọ̀, ó gbé e dé ìdí ayò, pé olè ni Tìámíyù. Láàárín oṣù kan, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò wọn lọ sí ìlú kejì. Tìámíyù kò bá a jà. Ó ṣáà yí àga rẹ̀ padà nínú ìsọ̀, tó fi jẹ́ pé bí Akínrìnlọ́lá bá ń kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò rí.

Akínrìnlọ́lá ta ọ̀nà kejì oko náà, ó ra áńpù tó tún tóbi jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tó wà ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ áńpù yìí ni wọ́n kó ọmọ rẹ̀ jáde. Àyọ̀ká bí obìnrin, àwọn ẹbí ọkọ sọ ọ́ ní Fadérera, bàbá rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀ láti fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu. Áńpù kejì náà dán fún ìwọ̀nba oṣù, kùrukùru sì tún bò ó. Ó tà á ní ọ̀pọ̀. Ó ta ọ̀nà kẹta oko. Ó ta mọ́tò akẹ́rù tí wọ́n fi ń gbé ìlù lọ sóde eré. Ó ní gìtá gan-an ló lẹ́bi, ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti tà, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ nígbà tí Àyọ̀ká lọ fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àyọ̀ká dé, ó bá ojú ibi tí ẹ̀rọ náà máa ń wà, eruku yí i ká. Ó sunkún, ó sì tún dáná alẹ́.

Èyí tó dun Àyọ̀ká jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ rẹ̀ kò gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ni. Ní ọjọ́ Àìkú kan, bó ti dìde tó fa "hùn-ún-ún," Akínrìnlọ́lá mi orí, ó ní, "Ohùn ẹ ti ń rẹlẹ̀. Ó dà bíi pé abẹ́ aṣọ lo ti ń sọ̀rọ̀. Jókòó, màá wá a fúnra mi." Láti ọjọ́ náà ló ti ń fún okùn gìtá bó ti tọ́ lójú ara rẹ̀, Àyọ̀ká a sì máa lọ́ ohùn tirẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá ọmọ nínú èrò. Ọ̀fun rẹ̀ bó. Àwọn tó ń wá sí àgbàlá ń dín kù, títí ó fi ku àwọn tó wá mutí lásán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Sùnmọ́nù dúró láàárín orin, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí àkúbà.

"Ọ̀gá, gìtá yín ò sí lọ́dọ̀ wa mọ́ o. Ìyàwó yín wà níbí, gìtá wà ní òdìkejì odò."

"Ẹ̀rọ ni, Sùnmọ́nù. Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ṣú dùdù ni? Tí mo bá rí èyí tó dáa…"

"Ọ̀gá, àtìgbà tí ẹ ti ń sọ 'tí mo bá rí èyí tó dáa,' ọmọ tí mo bí ti ń lọ sí iléèwé." Ó so àkúbà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé wọn lérí. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ajá tó máa sọnù, kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Akínrìnlọ́lá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nu áńpù. Kò gbọ́ òwe náà ní tòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Àyọ̀ká lọ pọn omi, ó fi Fadérera ti bàbá rẹ̀. Láti ìkòríta ló ti ń gbọ́ igbe ọmọ. Ó sọ korobá omi sílẹ̀, ó sáré wọlé. Ọmọ ti yí kúrò lórí ẹní, ó fi orí gbá ẹsẹ̀ tábìlì, ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá rẹ̀ jókòó ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fa okùn tuntun sí gìtá.

"Bàbá Dérera! Irú ìkà wo nìyí?"

Kò dáhùn. Àyọ̀ká gbé ọmọ mọ́ra, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó tún pè é. Kò dáhùn. Ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Kò sí ọjọ́ kan tí Akínrìnlọ́lá gbọ́ oríkì náà tí kì í dìde dúró. Àyọ̀ká kì í, ó kì í dé òpin. Ọkùnrin náà ń fún okùn rẹ̀ lọ, ó ń mi ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbínú Àyọ̀ká di ẹ̀rù. Ó rìn yípo wá sí iwájú rẹ̀, ó gbé ọmọ tí iwájú orí rẹ̀ ti wú sókè kó rí i.

"Ẹ ò gbọ́ràn mọ́," ni ó wí, ó sì wí i lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú igbe. "Etí yín ti ń lọ!"

"Etí ta ni?" Inú bí Akínrìnlọ́lá. "Èmi? Èmi tí mò ń gbọ́ àbùkù tí gbogbo ìlú yìí ò gbọ́?"

Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà pé kó tú ìlú rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àyọ̀ká fi bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó tú iyùn ọrùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi iyùn náà sí i lọ́rùn lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ, òun nìkan ni nǹkan tí ọkọ rẹ̀ kò tíì tà nínú ilé náà. Ó kó o lé e lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Ẹ tà á. Ẹ fi lọ bá dókítà ní Ìbàdàn. Kí èyí tó kù nínú etí yín má bàa lọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yìí nígbà tó bá ń fọhùn." Omi lé sí Akínrìnlọ́lá lójú. Ó gbà, ó sì búra.

Kí á má purọ́ mọ́ ọn, ó dé ọsibítù. Ó ta iyùn, ó lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó gba nọ́ńbà, ó sì jókòó láàárín àwọn aláìsàn. Àmọ́ ìsọ̀ kan wà ní òdìkejì títì tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Láti ibi tó jókòó sí, ó rí áńpù kan nínú gíláàsì, dúdú, ó ga ju èyí tó rí ní pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, gìtá aláwọ̀ wúrà kan sì fẹ̀yìn tì í. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jìnnà.

Ọlọ́jà fi wáyà sí i fún un. Akínrìnlọ́lá kúnlẹ̀, ó fi etí lé ẹnu sípíkà, ó ta okùn, ó sì ń yí bọ́tìnnì. Kò tó o, ó tún yí i. Ọlọ́jà di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń pariwo pé kó dẹwọ́. Ó yí i dé òpin, ó sì fi gbogbo agbára fa okùn. Nǹkan kan já pìnpìn nínú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Sìì tó ti ń bá a gbé láti ọdún márùn-ún dákẹ́. Ó dúró lórí eékún, ó ń tẹ́tí, kò sí ìdọ̀tí kankan nídìí ohùn náà, ó pa rọ́rọ́ bí omi inú àmù. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó kó owó iyùn lé ọlọ́jà lọ́wọ́, ó sì fi áńpù àti gìtá tó wà nílé ṣe ìlérí àfikún. Mọ́tò tó gbé e bọ̀ wálé kò pariwo rárá lójú tirẹ̀. Ó rò pé ìdùnnú ló fà á.

Nígbà tí Àyọ̀ká rí àpótí dúdú tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí mọ́tò, kò bi í léèrè dókítà mọ́. Ó ṣáà gbé ọwọ́ lọ sí ọrùn rẹ̀ tó ṣófo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Akínrìnlọ́lá ti rán ènìyàn káàkiri pé kí wọ́n wá gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Àgbàlá Hòtẹ́ẹ̀lì Ìtura kún bí ti àtijọ́. Tìámíyù pàápàá wá, ó dúró lẹ́yìn pátápátá. Akínrìnlọ́lá wọ agbádá, ó gbé gìtá aláwọ̀ wúrà kọ́rùn. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti dé. Ó ní ohùn tó pé kì í ṣe ohun à ń tọ́ wò nínú ilé. Ó sì fẹ́ kí ọjọ́ náà rí bí ọjọ́ ṣe yẹ kó rí, nítorí náà ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ níṣojú gbogbo èrò.

"Àyọ̀ká, fún mi ní ohùn."

Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn àgbà gbé ife sílẹ̀. Àyọ̀ká tó ti pinnu pé òun ò ní kọrin lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà rọ̀ ọ́ nínú. Ó dìde, ó pa ojú dé, ó sì fa ohùn náà, "hùn-ún-ún," pẹ̀lú ọ̀fun tó ti bó, ó sì dùn ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Akínrìnlọ́lá ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èèkàn.

"Mo ní fún mi ní ohùn."

Àyọ̀ká lajú. Ó tún fà á, ó la ẹnu sí i.

"Kí ló dé tí o ya ẹnu sílẹ̀ lásán?" Akínrìnlọ́lá ti ń kígbe láìmọ̀ pé òun ń kígbe. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn! Obìnrin yìí fẹ́ dójú tì mí lónìí! Nítorí ìlẹ̀kẹ̀! Nítorí pé mo fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀ ra nǹkan tó máa bọ́ ẹ!"

Ohun tí kò sí ẹni tó bi í, ó ti sọ ọ́ tán. Àyọ̀ká fa ohùn náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó la ẹnu dé ibi tó lè là á dé, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, omijé ń ṣàn sẹ́nu rẹ̀, ó sì di ohùn náà mú títí èémí rẹ̀ fi tán. Bàbá arúgbó kan níwájú dìde. "Akín, ó ń fún ẹ," ni ó wí. "Láti ìgbà tí o ti béèrè ló ti ń fún ẹ." Akínrìnlọ́lá wo ẹnu bàbá náà, ó wo ẹnu ìyàwó rẹ̀, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó yára yíjú sí áńpù, ó yí bọ́tìnnì dé òpin, ó sì fi àtàǹpàkò fa gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn ọmọdé figbe ta. Ìgò ṣubú lórí tábìlì. Àwọn èèyàn fọwọ́ di etí, wọ́n ń sá jáde. Akínrìnlọ́lá dúró láàárín rẹ̀, ó ń fa okùn, ó ń fà á. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí áńpù, ó rí i pé ó ń gbọ̀n.

"Ṣé ó ń dún?" ni ó ń bi wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń dún?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Tìámíyù wá sí ilé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é ní olè. Ó bá Àyọ̀ká lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ lẹ́yìn, ó ń lọ sí ilé ìyá rẹ̀. Akínrìnlọ́lá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpù. Tìámíyù gbé gìtá náà, ó yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ wálẹ̀ dáadáa, ó fún àwọn okùn bó ti yẹ, ó sì fi ìka ta ọ̀kan ṣoṣo.

Ohùn náà jáde. Ó mọ́, ó tutù, kò sí ohun tó dà bí i nínú gbogbo ohun tí Tìámíyù ti tún ṣe ní ogún ọdún. Ó lọ, ó lọ, ó kún yàrá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì parẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ ìgbà tó parẹ́. Àyọ̀ká dúró gbagidi pẹ̀lú ẹrù lórí. Fadérera tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Akínrìnlọ́lá ti rí ìka tó gbéra lórí okùn. Ó rí ẹnu ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó di etí aṣọ Tìámíyù mú.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe rí? Ṣé òun ni?"

Tìámíyù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò lè mú ojú kúrò nílẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Àyọ̀ká ti lọ.

Àwọn tó wà ní ìdí ayò bi Tìámíyù léèrè lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rọ tuntun yẹn ńkọ́, ṣé òun náà bàjẹ́ ni. Ó ní kò bàjẹ́, ó ní ọ̀rẹ́ òun rí ohun tó ń wá ní tòótọ́, ohun tó fi rà á ni kò yẹ kó ná. Ó wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ìrókò fi ń pa á lówe pé, etí la fi ń wá ohùn; ẹni tó bá fi etí ra ohùn, kí ni yóò fi gbọ́ ọ?